Sítúdíò inú yàrá ní Mahuta: ibi tí open source ti wúlò, ibi tí kò tíì dé

Ní Mahuta, bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ìlú Kàdúná, sítúdíò kì í sábà jẹ́ ilé tí wọ́n dìídì kọ́ fún iṣẹ́ náà. Yàrá kan ni, tí wọ́n ta fóòmù tàbí aṣọ tó nípọn mọ́ ògiri rẹ̀, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lórí tábìlì, máìkì BM-800 tàbí èyí tó fi díẹ̀ dára jù ú lọ, àti inverter nísàlẹ̀ bí owó bá tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ tó ń fi èdè Hausa kọ rap ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣe àwo, ibẹ̀ sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ti ń wá ṣe ìpolówó fún ayẹyẹ ọdún wọn. Kàdúná kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ ohùn: láti 1962 ni ilé iṣẹ́ rédíò tí a mọ̀ sí BCNN nígbà náà ti wà níbẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Kánò sì dìde mọ́ àwọn òṣèré ní 2007, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kó iṣẹ́ wọn wá sí ìlú yìí.

Ẹ bi ẹni tó ni irú sítúdíò bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé tí kò lo sọ́fítíwia open source, ìyẹn èyí tí àwọn tó ṣe é gbé kóòdù rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni lè wò ó, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíì. Ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ rín. "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mò ń lò yìí náà, ṣé mo rà á ni?" Òótọ́ ló sọ. Láti ayé Cool Edit Pro, tí Adobe rà lọ́wọ́ Syntrillium ní 2003 tó sì sọ di Audition, dé ayé Nuendo àti Cubase, títí kan FL Studio tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní Fruity Loops, kíráákì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Inú flash ló ti ń kọjá láti ọwọ́ ọ̀gá sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá wá ń polówó open source fún wọn pé "ọ̀fẹ́ ni" ń ta omi fún ẹja.

Kì í kúkú ṣe pé olè jíjà wù wọ́n, owó ni kò tó. Reaper kì í ṣe open source, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù, 60 dọ́là fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tóbi. Lẹ́yìn tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà 2023, tí dọ́là kan fi di nǹkan bí 1,500 náírà, 60 dọ́là yẹn di 90,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000. Fún ọdún díẹ̀, ẹni tó bá tiẹ̀ rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó jọ tún ní láti wá ọ̀nà tó máa gbà san án, nítorí ní 2022 àwọn báǹkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn míì sì ti ọ̀nà náà pa fún sáà kan.

Síbẹ̀, kíráákì ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Kí ẹ tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní láti kọ́kọ́ pa ohun tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni pé ẹ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ẹ kò mọ̀, lórí kọ̀ǹpútà kan náà tí ẹ fi ń wọ báǹkì. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023 ka sọ́fítíwia mọ́ ohun tí ó ń dáàbò bò, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dáàbò bo orin. Ó sì ṣòro kí olórin máa ké pé wọ́n ń jí orin òun gbé nígbà tí irinṣẹ́ tó fi ṣe orin náà jẹ́ ti olóhun. Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tí Windows bá dàrú. Ẹ tún un gbé sórí ẹ̀rọ, kíráákì kọ̀, ó ku ẹ̀dà àdánwò FL Studio. Ẹ̀dà àdánwò yẹn máa ń gbà kí ẹ ṣe orin, ó ń gbà kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ padà ṣí i àfi tí ẹ bá san owó. Orin ọdún márùn-ún wà níbẹ̀, ẹ ń wo orúkọ wọn nínú fóldà, ẹ kò lè wọlé tọ̀ wọ́n. Ohun tí ó yẹ ká máa jiyàn lé lórí gan-an nìyẹn: ta ló ní kọ́kọ́rọ́ sí iṣẹ́ tí a ti ṣe?

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká ka ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ àti ohun tó jẹ́ open source sí ọ̀kan náà. Cakewalk, sọ́fítíwia orin kan, fi èyí hàn dáadáa. Gibson, tó ni ín, dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 2017. BandLab rà á ní 2018, ó sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, inú gbogbo wa dùn. Ní 2023 wọ́n kéde pé òmíràn tí wọ́n máa tà ló máa rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n tún ṣí apá kan òmíràn náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo lọ-síwá-sẹ́yìn yìí, ẹni tó ń lò ó kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ kankan. Waves náà, tí plugin rẹ̀ kún inú gbogbo láptọ́ọ̀pù sítúdíò wa, kéde ní oṣù kẹta 2023 pé òun kò ní tà á tán mọ́, owó oṣù ni kí oníbàárà máa san. Ariwo pọ̀ débi pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ariwo ló gba àwọn oníbàárà là, kì í ṣe ìwé àdéhùn. Ní ti sọ́fítíwia open source tó wà lábẹ́ ìwé-àṣẹ GPL, ẹ̀dà tó ti wà lọ́wọ́ yín ti di tiyín láti máa lò, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbà á padà. Ẹ̀rù kan wà tí mo máa ń gbọ́ tí ó yẹ kí n pa níbí: GPL kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú orin tí ẹ bá fi ṣe. Ẹ lè tà á, ẹ lè gbé e sórí Boomplay, kò sí ẹni tó máa bi yín ní ìpín.

Ká wá wo àwọn irinṣẹ́ náà. Audacity ni gbogbo èèyàn mọ̀. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní 1999, ó sì jáde ní 2000. Fún ìwàásù, ìwé kíkà, ìpolówó rédíò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, n kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó wá nǹkan mìíràn. Ó fúyẹ́ débi pé láptọ́ọ̀pù tó ti darúgbó lè gbé e. Àbùkù rẹ̀ àtijọ́ ló bà á lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ wa: kó tó di ẹ̀dà 3.0 ní 2021, fáìlì kékeré kan àti fóldà ńlá kan ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní, fóldà náà ni ohùn wà. Àìmọye èèyàn ló da fáìlì kékeré yẹn nìkan sínú flash, tí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, tí wọ́n wá bá òfo pàdé níwájú oníbàárà. Láti ẹ̀dà 3.0, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà nínú. Láti 3.2 ní 2022 sì ni ẹ ti lè máa gbọ́ iṣẹ́ plugin bí orin ṣe ń lọ, láìjẹ́ pé ẹ ti fi sínú ohùn tán.

Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀rọ̀ Audacity máa ń já sí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà tí ó ń gbà dín ariwo kù rọrùn: ẹ sàmì sí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ní kó kọ́ bí ariwo náà ṣe rí, lẹ́yìn náà ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kì í dúró lójú kan. Bí fíríìjì ará ilé kejì tó so mọ́ ọn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iyára rẹ̀ á dín kù, ohùn tó ń jáde ní 50 Hz àti ìlọ́po rẹ̀ á sún kúrò níbi tó wà. Ariwo tí sọ́fítíwia kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ orin kì í ṣe èyí tó wà láàárín orin mọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ máa gba àáyá márùn-ún tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú gbogbo ohùn tí ẹ bá gbà, kí ẹ sì tún gba òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá fọ apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èyí tó sún mọ́ ọn. Kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kó kọjá 12 dB lẹ́ẹ̀kan náà, torí bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, akọrin á máa dún bí ẹni tó wà nínú páìpù. Ohùn tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé nìyẹn o. Bó bá jẹ́ inú wáyà ló ti ń kùn, kò sí sọ́fítíwia kankan, ọ̀fẹ́ tàbí olówó, tó máa ṣe ohun tí wáyà ilẹ̀ tó dára máa ṣe.

Fún àwo orin tó ní ohùn púpọ̀, Ardour ló kàn. Paul Davis, tó wà lára àwọn akọ́dà tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún Amazon, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun náà ló kọ JACK, tó ń so sọ́fítíwia ohùn kan mọ́ òmíràn lórí Linux. Ẹni tó bá rò pé nǹkan ọmọdé ni Ardour yẹ kó mọ̀ pé orí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Harrison kọ́ Mixbus lé ní 2009, bẹ́ẹ̀ tábìlì mix Harrison ni onímix Bruce Swedien fi ṣe àwo Thriller. Mo fẹ́ràn Ardour fún ìdí kan tí kì í sí nínú ìpolówó rẹ̀: WAV lásán ni ohùn tó bá gbà sílẹ̀, inú fáìlì ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà ló sì kọ gbogbo ètò iṣẹ́ náà sí. Bí Ardour bá tiẹ̀ parẹ́ láyé, ẹni tó lè ka fáìlì á rí orin rẹ̀ padà. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan ṣá. Ẹ̀dà àdánwò tó wà lórí ojúlé wọn máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn tí kò kà á ló ń sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀dà tó pé ń gba ó kéré tán dọ́là kan. Lórí Linux, inú ibi tí Ubuntu ti ń pín sọ́fítíwia lẹ ti máa rí i láìsan kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ Linux wá di ohun tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ EliteBook àti ThinkPad tòkunbọ̀ tó wà nínú sítúdíò wa ni kò sì tóótun fún Windows 11. Ní ayé àtijọ́, mi ò lè gba pirodúsà kankan nímọ̀ràn láti lọ sí Linux, nítorí JACK máa ń fẹ́ ẹni tó ní sùúrù bí onímọ̀ ẹ̀rọ. PipeWire tí Wim Taymans ṣe, tí Fedora bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún ohùn ní 2021, ti mú ìyẹn rọlẹ̀. Ní 2024, iṣẹ́ nǹkan bí ogún ọdún tó ń jẹ́ kí Linux tètè dáhùn ohùn wọ inú Linux gan-an ní ẹ̀dà 6.12. Sáúńdì kààdì Focusrite Scarlett tó pọ̀ ní ìgboro náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìfi nǹkan mìíràn kún un.

Kí ni ìtètè dáhùn yẹn jẹ́ fún akọrin? Bí ẹ bá to bọ́fà, ìyẹn iye sáńpù tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ lẹ́ẹ̀kan, sí 1024 ní 48,000 Hz, ohùn rẹ̀ máa pẹ́ tó mìlísẹ́kọ́ǹdì 21, ó kéré tán, kó tó padà sí etí rẹ̀ nínú hẹ́dífóònù, kó tó tiẹ̀ di ti àkókò tí sáúńdì kààdì náà ń jẹ. Ó dà bí ìgbà tó ń gbọ́ ara rẹ̀ láti ìwọ̀n mítà méje. Kò ní lè bá ìlù rìn dáadáa. Ẹ mú un wá sí 128, ó di nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta péré, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà láàárín. Ẹ fi 128 gba ohùn, ẹ padà sí 1024 nígbà mix kí láptọ́ọ̀pù lè mí.

Ní ti bíìtì, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: FL Studio ló ṣì wà níwájú, kò sì sí ohun tó sún mọ́ ọn. LMMS fara jọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó wà lórí Windows, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè fi mọ bí wọ́n ṣe ń to ìlù. Ṣùgbọ́n títí dé ẹ̀dà 1.2 rẹ̀, kò lè gba ohùn láti máìkì. Hydrogen dára fún ìlù nìkan. FL Studio tún ní ìwà rere kan tí ó yẹ ká yìn ín fún: ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan kò ní san owó mọ́ fún ẹ̀dà tuntun títí ayé. Bí pirodúsà bá fẹ́ ra ẹyọ sọ́fítíwia kan péré láyé rẹ̀, èmi á ní kó ra ìyẹn, kó sì fi open source ṣe gbogbo ìyókù.

Ìyókù náà kò kéré. Surge, synthesizer tó jẹ́ ohun títà tẹ́lẹ̀, di open source ní 2018. Dexed ń dún bíi kíbọ́ọ̀dù DX7 tó wà nínú ọ̀pọ̀ orin ọdún 1980 sí 1990. LSP ní compressor àti equalizer tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, Airwindows sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún plugin tí ojú wọn kò dára wò ṣùgbọ́n tí ohùn wọn dára. Ọ̀rọ̀ autotune ló jẹ mí lógún jù. Èyí tó wà nínú àwọn plugin x42, tí wọ́n ṣe láti ara zita-at1 ti Fons Adriaensen ní bọ́tìnì kan tó ń pinnu bí ó ṣe máa tètè fa ohùn sí ojú nóòtì. Fún orin Yorùbá, ẹ jẹ́ kó falẹ̀. Bó bá yára jù, gbogbo ibi tí akọrin ti ń fa ohùn lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀ á di àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ etí ẹni tó gbọ́ èdè. Bóyá nítorí pé irinṣẹ́ náà kò gba owó lọ́wọ́ wọn ni àwọn èèyàn kò fi ka ìwé ìlò rẹ̀. Wọ́n kàn ń yí bọ́tìnì náà dópin.

Ní ilé ìjọsìn, open source ti gba ilé láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Láti ìgbà tí ilé ìjọsìn ti kógbá sílé ní 2020 nítorí Kòrónà ni OBS Studio, tí Jim Bailey bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ti di irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ìsìn jáde lórí YouTube àti Facebook, ìjọ Kristẹni àti ẹgbẹ́ àdúrà Mùsùlùmí pẹ̀lú. Olùdarí akọrin tó ń kọ orin fún ohùn mẹ́rin ń lo MuseScore, ó ń kọ sol-fa sísàlẹ̀ nóòtì bí ẹni ń kọ ọ̀rọ̀ orin, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ fún alto àti tenor lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti rédíò, WADR ní Dakar wà lára àwọn tó lo Airtime láti to ètò wọn; LibreTime ló jogún kóòdù rẹ̀ lónìí, kò sì sí ìdí tí rédíò àdúgbò ní Kàdúná kò fi lè lò ó.

Ibi tí bàtà ti ń ta ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Olórin gba ohùn ní Mahuta, pirodúsà rẹ̀ wà ní Èkó, onímix wà ní Lọ́ńdọ̀nù, FL ni gbogbo wọn ń lò, fáìlì FL ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tó bá wà lórí Ardour láàárín wọn di àjèjì. Yabridge lè mú plugin Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ó sì ń ṣe é dáadáa, àfi èyí tó bá ń béèrè iLok, tó máa ń yọni lẹ́nu. Ọ̀nà àbáyọ tí mo mọ̀ ni kí gbogbo ohùn jáde ní WAV, 24-bit, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà, kí ẹ sì kọ iyára orin náà mọ́ orúkọ fóldà. Iṣẹ́ ńlá ni, dátà sì wọ́n. Wàhálà kejì ni pé open source náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì: Muse Group gba Audacity ní 2021, wọ́n fẹ́ fi ohun tó ń ròyìn bí a ṣe ń lò ó sínú rẹ̀, àwọn èèyàn fárígá, wọ́n sì jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti ọ̀rọ̀ Waves ni pé níbí, àwọn kan ti gbé kóòdù náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn tó ń jẹ́ Tenacity kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe tó. Ẹ wá ìyáàlù, gángan, sákárà tàbí kàlàǹgú inú kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí i pé ó ṣọ̀wọ́n, èyí tó wà náà sábà máa ń jẹ́ ìlù kan tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n SFZ wà. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, tí ẹ lè fi Notepad kọ: <region> sample=gangan1.wav key=60, ìlà kan fún ohùn kan. Ẹ fi bend_up=1200 kún un, ohùn náà á lè yọ́ gòkè dé ọ́ktéèfù kan gbáko lábẹ́ kẹ̀kẹ́ píànò, bí ọwọ́ onílù ṣe ń fún ọ̀ṣán. Sfizz ló máa lù ú, ọ̀fẹ́ ni. Àyànlù kan, máìkì kan, ọ̀sán kan tí iná kò ní lọ: ó tó láti gba ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ní jẹ́jẹ́ àti ní líle. Ohùn tó bá jáde síta yóò máa ṣiṣẹ́ nígbà tí onílù náà kò sí níbẹ̀, nítorí náà owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọdọ̀ jẹ́ owó orin kan ṣoṣo, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fún un kó tó lù ú. Nínú àwọn ìwé-àṣẹ Creative Commons tó wà nílẹ̀, CC BY ni èmi á yàn dípò CC0, torí òun ló fi dandan lé e pé kí wọ́n dárúkọ onílù níbikíbi tí wọ́n bá ti lo ìlù rẹ̀.